Linux lórí laptop bàbá ẹni: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìgbógbó

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kà, ilé wa sì wà ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní operating systems, ìyẹn ètò bíi Windows àti Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní kí kálukú wa gbé Linux sínú virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí iṣẹ́ àṣetiléwá tó bẹ̀rẹ̀. Laptop kan ṣoṣo ló wà nílé wa: HP tòkúnbọ̀, Core i5, RAM 8GB, dísìkì 500GB irú èyí tó ń yí. Bàbá mi ló ni ín, orí rẹ̀ ni gbogbo ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù wọn ní Sábó wà. Mo gbé VirtualBox, ètò tó ń dá virtual machine sílẹ̀, sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí ó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sọ pé VT-x is disabled in the BIOS, ìyẹn ni pé wọ́n pa ohun kan tó ń jẹ́ VT-x nínú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi VirtualBox sílẹ̀, kí n pín dísìkì sí méjì, kí Linux gba apá kan. Bàbá mi sì ti ní bí ìwé ìṣirò àwọn bá fi lè sọnù, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan laptop àwọn mọ́. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé RAM 8GB tiẹ̀ tó?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, má pín dísìkì bàbá rẹ. Irọ́ kọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ara wọn, tí ó sì ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíì fi ń jẹun kọ́ ni èèyàn ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yẹn. Bí a bá ń pín dísìkì, kọ̀ǹpútà máa ń kó fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Bí iná bá lọ ní àsìkò yẹn, tí bátìrì tòkúnbọ̀ náà kò sì lè gbé e dúró, ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù lè bá a lọ. Lẹ́yìn èyí, Linux yóò tún fi ètò tirẹ̀ síwájú Windows nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Bàbá rẹ yóò tan laptop láàárọ̀ kùtùkùtù, ojú dúdú tó kún fún ọ̀rọ̀ funfun ni wọn yóò rí. Kódà bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́, ọkàn wọn kò ní balẹ̀ sí i mọ́, ìwọ náà kò sì ní rí laptop lò.

Virtual machine kò fara kan irú ewu bẹ́ẹ̀. Ohun tí VirtualBox ń ṣe ni pé ó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ nínú ti bàbá rẹ, tó jẹ́ pé fáìlì lásán ni gbogbo ara rẹ̀. Dísìkì tí Linux yóò rò pé òun ní, fáìlì kan ni lójú Windows. Orúkọ fáìlì náà máa ń parí sí .vdi, inú fóódà kan tó ń jẹ́ VirtualBox VMs ló sì ń gbé. Linux inú rẹ̀ kò mọ̀ pé Windows wà níbì kankan. Kò lè rí fóódà bàbá rẹ àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ṣí shared folder fún un, má sì ṣí fóódà ìṣirò sílẹ̀ fún un láé. Bí o bá wá ba Linux náà jẹ́ pátápátá, tí o pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, fáìlì .vdi yẹn nìkan ló lọ. O pa á rẹ́, o ṣe òmíràn. Mo rò pé ìdí tí olùkọ́ yín fi yan ọ̀nà yìí nìyẹn, nítorí pé nínú ẹ̀kọ́ operating systems, ẹni tí kò bá ba nǹkan jẹ́ rí kò tíì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. IBM ti ń ṣe é kí àwọn ọdún 1960 tó parí. Ní 1972 ni wọ́n kéde VM/370 fún àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì wọn, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lo ẹ̀rọ olówó iyebíye kan náà, kí ó sì dà bí ẹni pé kálukú ló dá ní tirẹ̀. Chip inú kọ̀ǹpútà ilé kò ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe é ní ìrọ̀rùn títí di 2005 tí Intel fi VT-x sínú tirẹ̀, tí AMD sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú AMD-V ní 2006. VT-x tí laptop yín ń dárúkọ nìyẹn. Core i5 tó wà nínú rẹ̀ ní i, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n kàn pa á sílẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe máa ń pa á lórí ọ̀pọ̀ laptop tó bá ti ọ́fíìsì ìlú òkèèrè wá.

Kí o tó tan án, ṣe ohun kan fún bàbá rẹ. Da gbogbo fóódà ìṣirò wọn kọ sórí fláàṣì, kí o sì fi ẹ̀dà mìíràn sórí Google Drive tàbí irú rẹ̀. VirtualBox kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Dísìkì tó ń yí, tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, lè kú ní ọjọ́ tí o kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá kú ní ọ̀sẹ̀ tí o gbé Linux wọlé, ọrùn rẹ ni ẹjọ́ yóò dá lé. Fi fláàṣì náà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n ṣí fáìlì náà lójú ara wọn, kí wọ́n rí i pé ó pé.

Ó yá, VT-x. Kọ́kọ́ wádìí bí ó ṣe wà: ní Windows, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager yóò ṣí. Lọ sí Performance, kí o tẹ CPU. Nísàlẹ̀ apá ọ̀tún, wàá rí Virtualization, pẹ̀lú Disabled níwájú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yí padà nìyẹn, inú BIOS la sì ti ń yí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí àwọn ènìyàn máa ń fò. Bí Windows bá ti fi BitLocker tàbí Device encryption ti dísìkì náà, ó lè béèrè recovery key lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tí o bá yí nǹkan nínú BIOS. Nọ́ńbà gígùn ni, dígíìtì 48. Wo inú Settings bóyá Device encryption wà ní On. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, kí bàbá rẹ wọ account Microsoft wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí, má yọ ara rẹ lẹ́nu.

Pa laptop náà tán pátápátá: di Shift mú nígbà tí o bá ń tẹ Shut down, nítorí pé bí Windows ṣe sábà máa ń pa, kì í pa tán. Tan án padà, kí o sì máa tẹ Esc léraléra láti ìgbà tí iná rẹ̀ bá ti tàn. Lórí HP, mẹ́nù kékeré kan yóò jáde. Tẹ F10 láti wọ BIOS. Lórí HP ti ilé, inú System Configuration ni Virtualization Technology máa ń wà; lórí ProBook àti EliteBook, wá a nínú Advanced tàbí Security. Sọ ọ́ di Enabled, tẹ F10 kí ó tọ́jú rẹ̀, kí o sì jáde. Má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn níbẹ̀. Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ní Dell, F2 ni wọn yóò tẹ̀. Ti Lenovo sábà máa ń jẹ́ F1 tàbí F2.

Padà sí Task Manager, kí o rí Enabled. Àmì mìíràn tún wà: nígbà tí VT-x wà ní pípa, VirtualBox lè máa fi Linux 32-bit nìkan hàn ọ́ nínú àkójọ rẹ̀. Ní báyìí, 64-bit yóò ti jáde.

Ó ṣeé ṣe kí o rí àwòrán ìjàpá kékeré kan nísàlẹ̀ fèrèsé VirtualBox. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows ti gba VT-x sọ́wọ́ ara rẹ̀, VirtualBox sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí yóò fi máa falẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ sí Turn Windows features on or off, kí o yọ àmì kúrò níwájú Hyper-V, Virtual Machine Platform àti Windows Hypervisor Platform bí ẹnikẹ́ni kò bá ń lò wọ́n nílé. Memory integrity náà lè fa ìjàpá yìí, àmọ́ ààbò ni fún Windows. Lórí kọ̀ǹpútà tí owó ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀, èmi kò ní pa á. Jẹ́ kí Linux rẹ falẹ̀ díẹ̀.

Wàyí o, RAM. 8GB tó, bí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Àyàlégbé ni virtual machine nínú ilé Windows: yàrá tí o bá fún un, onílé kò lè sùn sí i mọ́ títí àyàlégbé yóò fi jáde. Windows pẹ̀lú Chrome tó ṣí ojú-ewé mélòó kan lè jẹ 3GB sí 4GB kí o tó ṣe ohunkóhun. Bí o bá wá gbé 6GB fún Linux, Windows yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, dísìkì tó ń yí kò sì yára tó fún irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn méjèèjì yóò jọ dì pa. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé VirtualBox kò dára, tó sì jẹ́ pé bó ṣe fa ìlà RAM kọjá apá aláwọ̀ ewé lọ sínú pupa ló fà á. Fún un ní 2048MB. Fún un ní processor méjì, má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dísìkì, 25GB, kí o má sì yan Pre-allocate Full Size, kí fáìlì náà lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí ó máa fẹ̀ bí o bá ṣe ń kó nǹkan sí i.

Pẹ̀lú 2GB yìí, irú Linux tí o bá yan ló kù. Ubuntu Desktop 24.04 tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sá lọ bá ń béèrè RAM 4GB àti dísìkì 25GB, fáìlì ISO rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé e kalẹ̀, sì tó nǹkan bí 6GB. Lórí laptop yín, kò ní jẹ́ kí o gbádùn. Bí olùkọ́ rẹ kò bá sọ pé dandan ni Ubuntu, Debian ni mo fọwọ́ sí fún ọ, pẹ̀lú ojú-iṣẹ́ Xfce tó fúyẹ́. Ubuntu gan-an, ara Debian ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn àṣẹ tí wọn yóò kọ́ yín nínú terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kan náà ni ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. ISO rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní netinst kò tó 1GB. Ohun tó kù, ó máa ń gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń gbé ara rẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì lè lé ní 1GB. Dátà òru ni kí o fi ṣe é bí o bá ní i.

Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ kí o tó ná dátà. Bí ó bá ní Ubuntu náà ni òun yóò fi ṣàyẹ̀wò iṣẹ́, ẹ fi orí kó orí: kí ẹnì kan nínú kíláàsì gbà á wálẹ̀ láti ojú-òpó Ubuntu fúnra rẹ̀, kí àwọn yòókù dà á kọ láti orí fláàṣì. Ibí ni ọ̀pọ̀ máa ń há sí. Fláàṣì ní àyè 32GB, fáìlì kò ju nǹkan bí 6GB lọ, síbẹ̀ Windows yóò kọ̀, yóò ní fáìlì náà is too large for the destination file system. Àyè kọ́ ló kéré. FAT32 tí wọ́n fi to fláàṣì náà kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Kó ohun tó wà lórí fláàṣì síbòmíràn, right-click lórí rẹ̀, yan Format, kí o mú exFAT. Fáìlì náà yóò wọlé.

Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ẹlòmíì wá, yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣí Command Prompt nínú fóódà tí ISO wà, kí o kọ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ ISO, lẹ́yìn náà SHA256. Yóò tẹ ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan jáde. Fi í wé èyí tó wà nínú fáìlì SHA256SUMS lórí ojú-òpó Debian tàbí Ubuntu. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ISO náà kò pé tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ bà á. Má lò ó. ISO tó já lójú ọ̀nà máa ń jẹ́ kí ìgbékalẹ̀ kùnà láàárín, wàá sì máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Nígbà tí o bá ń dá virtual machine náà sílẹ̀, VirtualBox yóò fẹ́ bá ọ ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ó ń pè ní unattended installation. Má gbà fún un. Ó máa ń fi orúkọ vboxuser àti password tí kì í ṣe tìẹ sí i, o sì lè rí i pé o kò ní àṣẹ sudo, ìyẹn àṣẹ ọ̀gá tó ń jẹ́ kí o lè yí ètò Linux padà, lẹ́yìn tó bá parí. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é, ara ẹ̀kọ́ ni.

Ibi tí ẹ̀rù máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ibi tí Debian yóò ti béèrè bóyá kí òun lo gbogbo dísìkì, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò parẹ́. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wo ojú-ewé yẹn, kí o sì pe bàbá rẹ wá wò ó bí wọ́n bá wà nílé. Orúkọ dísìkì tí wàá rí ni VBOX HARDDISK, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bí 26.8 GB. 25GB tí o fún un ni. Ọ̀nà tí Debian gbà ń ka GB ló mú un yàtọ̀. Dísìkì bàbá rẹ jẹ́ 500GB, orúkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe VBOX. Níwọ̀n ìgbà tí o bá rí orúkọ àti ìwọ̀n yìí, fáìlì .vdi nìkan ni wọ́n fẹ́ nu. Dáhùn Yes láìfòyà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí 500GB níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, a jẹ́ pé inú virtual machine kọ́ lo wà, orí laptop gan-an lo ti tan ISO náà láti ara fláàṣì. Pa á lójú ẹsẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré ló tún kù tó yẹ kí o ṣọ́ra fún níbẹ̀. Bí Debian bá ní kí o fún root, ọ̀gá àgbà inú Linux, ní password, fi í sílẹ̀ lófìfo kí o sì tẹ̀ síwájú. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tìrẹ ni yóò fún ní àṣẹ sudo. Bí ó bá sì béèrè ibi tí kí òun gbé GRUB, ètò tó ń tan Linux, sí, yan /dev/sda. Ẹni tó bá tẹ̀ é kọjá láìyàn yóò parí gbogbo iṣẹ́ tán, Linux kò sì ní lè tàn. Nígbà tí ó bá ní kí o yan ojú-iṣẹ́, yọ GNOME, mú Xfce, kí o sì mú SSH server, tó ń jẹ́ kí a lè wọlé sí Linux láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ìyókù, kan máa tẹ Continue.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn kò jìnnà sí yín, agbára tí wọ́n kọ́ ọ láti pèsè tó mẹ́gáwáàtì 1,320, síbẹ̀ gbogbo wa ní Ìkòròdú la mọ bí iná ṣe ń lọ láìdágbére. Virtual machine kórìíra kí wọ́n já iná mọ́ ọn lójú ju bí Windows lásán ṣe kórìíra rẹ̀ lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà méjì ló ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, ti inú sì lè ní ohun tó rò pé òun ti kọ sórí dísìkì, tó jẹ́ pé Windows ṣì gbé e dání. Wo bátìrì laptop náà: yọ ṣájà nígbà tó bá kún, kí o wo bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó kú. Bí kò bá lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, má ṣe iṣẹ́ yìí láìsí inverter, àfi kí ẹ pààrọ̀ bátìrì. Má sì bẹ̀rẹ̀ ìgbékalẹ̀ Debian nígbà tí bátìrì kò bá kún, kódà bí iná bá wà.

Bí iná bá lọ tí o wà lẹ́nu iṣẹ́, tẹ àmì tí a fi ń ti fèrèsé VirtualBox, yóò fi ọ̀nà mẹ́ta hàn ọ́. Save the machine state yóò tọ́jú gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, wàá sì bá a níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Má dúró dìgbà tí bátìrì bá ku ìdá kékeré, torí pé ó ní láti kọ RAM Linux sórí dísìkì, ìyẹn sì máa ń gba àkókò lórí dísìkì tó ń yí. Send the shutdown signal ni èyí tí o máa lò lójoojúmọ́ bí o bá ti parí iṣẹ́. Power off ni ẹ̀kẹta. Bí ìgbà tí wọ́n yọ okùn iná lára ògiri ni, àyàfi bí Linux bá ti dì pa, má fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ ná, tí Linux tàn tó sì dúró sí ojú dúdú kan tí a kọ (initramfs) sí, má sunkún. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ext4, ọ̀nà tí Linux gbà ń to fáìlì sórí dísìkì, ń tọ́jú nínú ara rẹ̀ sábà máa ń gbà á là. Ka ìlà tó wà lókè, yóò dárúkọ apá dísìkì tó ní àbùkù, ó sábà máa ń jẹ́ /dev/sda1. Kọ fsck -y /dev/sda1, jẹ́ kí ó parí, kí o kọ exit. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò tàn padà.

Snapshot, ìyẹn àwòrán bí virtual machine ṣe wà ní àsìkò kan, náà yóò ràn ọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí Debian bá tàn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, pa á, kí o yan Snapshots nínú VirtualBox, kí o ya ọ̀kan, kí o pe orúkọ rẹ̀ ní ohun tí wàá rántí. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá kọ̀ọ̀kan, ya òmíràn. Bí o bá bà á jẹ́, o padà sí ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n orí dísìkì kan náà ni snapshot wà, dísìkì náà bá kú, snapshot bá a lọ. Ohun tí o bá kọ fún olùkọ́, da á kọ sórí fláàṣì tàbí kí o gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan náà. Snapshot tún máa ń jẹ àyè, nítorí náà pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́, inú VirtualBox ni kí o sì ti pa á. Ẹni tó bá wọ inú fóódà lọ pa fáìlì rẹ̀ rẹ́ ní tààràtà ti já okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, fi í sílẹ̀ ní NAT bí o ṣe bá a. Linux rẹ yóò gba àdírẹ́sì 10.0.2.15, yóò sì máa gba ọ̀dọ̀ Windows jáde, láìsí pé ẹni tó wà lórí Wi-Fi kan náà rí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi SSH wọlé sí i, lọ sí Port Forwarding nínú ètò NAT yẹn: Host Port 2222, Guest Port 22. Láti Command Prompt, kọ ssh -p 2222, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ nínú Linux pẹ̀lú @127.0.0.1, o ti wọlé. Bridged, tí Linux fi ń bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀, lè jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ máa kọ̀ ọ́ sílẹ̀, má lò ó àfi bí olùkọ́ bá ní kí ẹ lò ó.

Ṣọ́ dátà rẹ. Bí bàbá rẹ bá tilẹ̀ ti fi metered sí Windows kí ó má bàa máa jẹ dátà, Linux tó wà nínú kò mọ̀, yóò máa gba tirẹ̀. Ubuntu burú jù ní ti èyí, torí ó ń wá àtúnṣe fúnra rẹ̀. Bí o kò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, lọ sí Devices, Network, kí o yọ àmì kúrò níwájú Connect Network Adapter. Okùn rẹ̀ ti já nìyẹn, títí wàá fi dá a padà.

O lè rí i pé ó ṣì ń falẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí. Bí owó kékeré kan bá wọlé, má fi ra RAM. Ra SSD, dísìkì tí kì í yí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dà gbogbo dísìkì bàbá rẹ kọ sórí rẹ̀. Ní Ọ̀tìgbà ní Ìkejà, SSD SATA wọ́pọ̀, ó sì máa ń wọ àyè tí dísìkì tó ń yí wà láìsí àtúnṣe. Ìyàtọ̀ tí bàbá rẹ yóò rí nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ìwé ìṣirò wọn yóò tó láti fi ra inú wọn.

Fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí tiwọn jẹ́ RAM 4GB: kí wọ́n má fi ojú-iṣẹ́ kankan sí Debian rárá, kí wọ́n fún un ní 1GB, kí wọ́n sì máa fi SSH wọlé sí i láti Windows. WSL, ọ̀nà tí Windows fúnra rẹ̀ fi ń gbé Linux sínú ara rẹ̀, náà wà, wsl --install ni àṣẹ rẹ̀ lórí Windows 10 tuntun àti 11, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ àṣẹ terminal àti C. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ yín bá máa kọ́ yín bí Linux ṣe ń tàn, bí a ṣe ń pín dísìkì, tàbí bí a ṣe ń pààrọ̀ kernel (ọkàn Linux gan-an), virtual machine gidi ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá ní MacBook tó ní chip M1 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ISO tí a kọ arm64 sí ni kí ó gbà. Amd64 tí ẹ̀yin yòókù ń lò kò ní ṣiṣẹ́ fún un.

Bí ó bá di ìgbà tí olùkọ́ ní kí ẹ fi virtual machine náà ránṣẹ́, pa Linux tán pátápátá, má fi í sílẹ̀ ní Save. Yọ ISO kúrò nínú ihò CD rẹ̀ ní Settings, Storage. Lọ sí File, Export Appliance, yóò di fáìlì .ova kan ṣoṣo. Fi nọ́ńbà mátíríkì rẹ sọ ọ́ lórúkọ, kí o wò ó bóyá ó ju 4GB lọ kí o tó gbé e sórí fláàṣì, kí o sì fi Import Appliance dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ kan kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ tó pé.